Bí a ṣe ń gba ẹ̀tọ́ fún sójà àtijọ́ tí ọ̀tá mú nígbèkùn: ìtọ́sọ́nà fún àwa ará Èkó

Lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kọ nítorí bàbá wọn kì í gùn: "Bàbá mi jagun. Ọ̀tá mú wọn. Wọn ò rí kọ́bọ̀ gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wa." Wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Àbújá, wọ́n á dúró ọdún kan, wọ́n á dúró ọdún méjì, èsì kò ní dé. Ẹni tó gba lẹ́tà náà lè jẹ́ èèyàn rere o. Ṣùgbọ́n kò rí nọ́ńbà kankan tó lè fi wá fáìlì.

Èmi máa ń bá àwọn àgbà to ìwé wọn ní Ṣómólú, Mushin àti Ọ̀jọ́, mo sì ti rí i pé ọ̀rọ̀ sójà tí ọ̀tá mú yàtọ̀ sí ti sójà tó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí báráàkì. Fáìlì tirẹ̀ ní ihò láàárín. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, àwọn ọ̀gá rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò rí i mọ́. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, ẹlòmíràn di òkú lórí ìwé, ẹlòmíràn sì di ẹni tó sá kúrò lójú ogun. Ẹni tí wọ́n bá kọ pé ó sá kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó jẹ ìyà jù fi ń wà láàárín àwọn tí wọn ò rántí. Dídí ihò yẹn ni iṣẹ́ wa. Ẹ má wulẹ̀ máa wá owó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ owó ẹni ìgbèkùn. Ohun tí à ń béèrè ni pé kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ Bàbá ṣe, kí wọ́n ka oṣù tàbí ọdún ìgbèkùn mọ́ ọdún iṣẹ́, kí wọ́n sì tún owó wọn ṣírò.

Ohun tí ẹ ó kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìwé àkọsílẹ̀ kan tó le lẹ́yìn, àti fáìlì kan tí omi kò lè wọ̀.
- Gbogbo ìwé ogun tó bá ṣẹ́kù: ìwé ìdásílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tí àwọn sójà ń pè ní discharge book, ìwé owó oṣù, káàdì ìdánimọ̀, mẹ́dà, lẹ́tà, fọ́tò tí wọ́n yà nínú aṣọ ológun.
- NIN, BVN, àti ìwé báńkì tó ní orúkọ Bàbá.
- Ìwé ìkéde ọjọ́ orí láti kóòtù, bí kò bá sí ìwé ìbí.
- Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mẹ́fà, ó kéré tán.
- Bí Bàbá bá ti di olóògbé: ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn, ìyẹn National Population Commission, àti káàdì ìdánimọ̀ ẹni tí Bàbá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé kó gba ẹ̀tọ́ òun.
- Fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀.
- Owó ọkọ̀, owó fótókọ́pì, owó kóòtù àti owó ìfìwéránṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ mú owó mìíràn wá kí òun lè "ti fáìlì lẹ́yìn", ẹ má fún un.

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ yìí dáadáa. Ẹ má fi ojúlówó ìwé kankan ránṣẹ́ síbikíbi. Èmi ṣe é rí. Discharge book ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo fi sínú àpòòwé lọ́dún náà lọ́hùn-ún, mo sì fà á lé akọ̀wé ọ́fíìsì kan lọ́wọ́. A ò rí i mọ́ títí dòní. Ọdún mẹ́ta gbáko ni a fi wá ohun tí ìwé kékeré yẹn ì bá sọ ní ìṣẹ́jú kan. Fótókọ́pì ni kí ẹ kó lọ. Ojúlówó yóò wà lọ́wọ́ yín, kí wọ́n fi ojú rí i nìkan.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ogun tó jẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ tí Bàbá wà

Ibí ni ìwé púpọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí kì í ṣe ọ́fíìsì kan ló ń bójú tó gbogbo wọn.

Bí Bàbá bá jẹ́ sójà ìjọba àpapọ̀ nígbà ogun abẹ́lé (6 Oṣù Keje 1967 sí 15 Oṣù Kìíní 1970), tàbí tí wọ́n bá ECOMOG, ọmọ ogun àjùmọ̀ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, lọ sí Liberia tàbí Sierra Leone, ọ̀nà méjì lẹ ó tọ̀. Ọ̀kan ni Nigerian Army Records, níbi tí àkọsílẹ̀ wà. Èkejì ni Military Pensions Board ní Àbújá, níbi tí owó wà. Àwọn ológun ojú omi àti ti ojú òfurufú ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n Military Pensions Board kan náà ló ń san owó gbogbo wọn.

Bí Bàbá bá jẹ́ sójà Nàìjíríà tẹ́lẹ̀ tó lọ jà fún Biafra, tí àwọn ológun ìjọba sì mú wọn, ọ̀rọ̀ ti yí padà láti oṣù Karùn-ún ọdún 2000, nígbà tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ sọ ìléníṣẹ́ wọn di ìfẹ̀yìntì. Èkó kún fún irú àwọn bàbá báyìí, ní Àjẹgúnlẹ̀, ní Fẹ́stáàkì, ní Ọ̀jọ́, wọ́n sì jẹ́ aládùúgbò wa. Ọ̀dọ̀ Military Pensions Board náà ni tiwọn. Ti ọlọ́pàá tó wà ní ẹ̀gbẹ́ Biafra yàtọ̀: àjọ PTAD, tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀, ló bẹ̀rẹ̀ sí í san tiwọn lọ́dún 2017.

Bí ó bá sì jẹ́ bàbá àgbà tó lọ sí Burma lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun àgbáyé kejì, ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tó ṣì wà láàyè àti àwọn opó wọn máa ń wá láti ọ̀dọ̀ Royal Commonwealth Ex-Services League. Ẹgbẹ́ àwọn sójà àtijọ́ níbí, Nigerian Legion (tí orúkọ rẹ̀ ti di Veterans Federation of Nigeria báyìí), ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìdílé sì lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì mẹ́dà àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì láti béèrè mẹ́dà tí olóògbé kò gbà nígbà ayé rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń dá àwọn èèyàn padà: akọ̀wé kan lè sọ fún yín pé ogun abẹ́lé kò ní òǹdè ogun, pé àárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè nìkan ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé. Lóòótọ́, bí àdéhùn Geneva ti 1949 ṣe to ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ẹ má bá a jiyàn lórí Geneva. Ẹ fi hàn án pé òfin ìwà ojú ogun tí Gowon, olórí ìjọba nígbà náà, fún àwọn sójà Nàìjíríà lọ́dún 1967, Operational Code of Conduct, lo orúkọ náà fúnra rẹ̀: ó ní kí wọ́n gba ohun ìjà lọ́wọ́ ẹni tó bá jọ̀wọ́ ara rẹ̀, kí wọ́n sì ṣe é bí òǹdè ogun. Ìjọba tó lo orúkọ yẹn nígbà náà kò lè sọ lónìí pé òun ò mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ yìí yanjú bí ẹ bá lè kọ gbólóhùn kan ṣoṣo láì ṣiyèméjì: Bàbá wà nínú ẹgbẹ́ ológun báyìí, ogun báyìí ni, ọ̀dọ̀ báyìí ni ìwé wa ń lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jókòó ti Bàbá, kí ẹ gba ìtàn náà sílẹ̀

Ẹ má kánjú lórí èyí. Èmi máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wákàtí kan péré lójúmọ́, ní òwúrọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí ara Bàbá yá. Kí Ìyá tàbí ọmọ kan tí Bàbá fọkàn tán wà nítòsí. Kí agboolé má pé jọ bí ẹni ń wo eré.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n mú wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́: ibo ni, ta ni wọ́n jọ lọ, báráàkì wo ni wọ́n kọ́kọ́ sùn, kí lorúkọ sájẹ́ńtì tó kọ́ wọn níṣẹ́? Ọ̀pọ̀ bàbá tí kò rántí oúnjẹ àná rántí orúkọ sájẹ́ńtì yẹn. Ẹ gbà á sílẹ̀, torí ó lè jẹ́ ohun tí yóò so Bàbá mọ́ ẹgbẹ́ kan pàtó.

Ọjọ́ àti oṣù ni ìṣòro. Bí ẹ bá béèrè pé "Ọdún wo ni, Bàbá?", wọ́n á sọ èyí tó bá wá sí wọn lẹ́nu, ẹ ó kọ ọ́, lọ́la àkọsílẹ̀ ìjọba yóò tako yín. Ìṣẹ̀lẹ̀ ni kí ẹ fi wá ọdún. Ẹ béèrè pé: ṣé kí wọ́n tó gba ipò lọ́wọ́ Adékúnlé ni, àbí Ọbásanjọ́ ti dé? Oṣù Karùn-ún 1969 ni Ọbásanjọ́ gba ipò ọ̀gá ẹ̀ka ọmọ ogun Third Marine Commando lọ́wọ́ Adékúnlé. Ṣé nígbà tí wọ́n ń gbìyànjú láti gba orí omi wọ Onitsha ni? Oṣù Kẹwàá 1967. Ṣé nígbà tí wọ́n sun ọ̀wọ́ ọkọ̀ yín ní Abagana ni? Òpin oṣù Kẹta 1968. Ṣé nígbà tí Biafra gba Owerri padà ni? Oṣù Kẹrin 1969. Tí ó bá di ti ìpadàbọ̀ sí Èkó, ẹ béèrè pé: nígbà tí ẹ dé, ṣé ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ṣì ń tọ̀? 2 Oṣù Kẹrin 1972 ni a yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Ṣé pọ́n-ùn ni ẹ fi gba owó tàbí náírà? Náírà bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kìíní 1973. Ṣé ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà owó Údojì, àfikún owó oṣù ìgbà 1974 sí 1975? Fún àwọn tó lọ sí ECOMOG, ọjọ́ tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ wọ Freetown, 6 Oṣù Kìíní 1999, ni òpó tí gbogbo wọn máa ń so ìtàn mọ́.

Ohun tí Bàbá kò bá rántí, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Ní àsìkò òjò 1968" dára ju ọjọ́ tí ẹ hùmọ̀ lọ. Ọjọ́ irọ́ kan ṣoṣo tó fún ẹni tó ń ka fáìlì láti da gbogbo rẹ̀ nù.

Ọ̀rọ̀ ìgbèkùn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ohun márùn-ún ni fáìlì nílò: ibi tí wọ́n ti mú wọn, ta ló mú wọn, ibi tí wọ́n fi wọ́n sí, ta ni wọ́n jọ wà níbẹ̀, àti bí wọ́n ṣe jáde. Ìyà tí wọ́n jẹ, bí Bàbá bá fẹ́ sọ ọ́, ẹ gbọ́ ọ. Bí wọn ò bá fẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má béèrè láéláé pé "Kí ló dé tí ẹ fi nawọ́ sókè?" Ìbéèrè yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bi ara wọn láti àádọ́ta ọdún, òun náà ló sì jẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Bàbá kan ní Mushin sọ fún mi pé àwọn ò sọ fún ìyàwó àwọn rí, ogójì ọdún, nítorí àwọn ò fẹ́ kí ọmọ gbọ́ pé bàbá rẹ̀ fọwọ́ sókè fún ọ̀tá. Mo rán wọn létí ohun tí àwọn àgbà sọ, pé akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bógun lọ. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní kí n mú ìwé mi.

Bí ọwọ́ Bàbá bá ń gbọ̀n, bí ohùn bá há, tàbí tí wọ́n bá ń wo ibi kan láì sọ̀rọ̀, ẹ pa ìwé dé fún ọjọ́ náà. Bí oorun kò bá kùn wọ́n lẹ́yìn ìjókòó náà, tí wọ́n ń pariwo lóru, ẹ gbé wọn lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tí àwọn èèyàn ń pe ibẹ̀ lé yín sẹ́yìn. Ogun máa ń dọ́gbẹ́ sí èèyàn lọ́kàn, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ìwé dókítà náà yóò sì tún wúlò nínú fáìlì.

Àyẹ̀wò: ẹ ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sétígbọ̀ọ́ Bàbá. Bí wọn ò bá rí ohunkóhun tún ṣe, ẹ tún un kà lọ́jọ́ kejì, nítorí kò sí ìtàn tí kì í ní àtúnṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ ní ìwé náà, kó fa ìlà kan láti ọjọ́ ìgbaniṣíṣẹ́ dé ọjọ́ ìdásílẹ̀. Ibi tí ìlà náà bá ti já, ibẹ̀ lẹ ó padà sí.

Ìgbésẹ̀ 3: Nọ́ńbà àti orúkọ

Nọ́ńbà sójà ni kọ́kọ́rọ́. Lórí nọ́ńbà ọ̀pọ̀ sójà, àwọn nọ́ńbà méjì tó ṣáájú NA ni ọdún tí wọ́n wọṣẹ́: ẹni tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 67NA, ọdún 1967 ló wọlé. Bí Bàbá bá ní ọdún 1965 làwọn wọṣẹ́, tí nọ́ńbà sì ń sọ 67, ẹ yanjú rẹ̀ kí ẹ tó kọ̀wé. Bí nọ́ńbà bá sọnù, ẹ wò ó lẹ́yìn fọ́tò, lẹ́yìn mẹ́dà, nínú Bíbélì tàbí Kùránì tí Bàbá gbé lọ sójú ogun, lára àpótí onírin tí wọ́n fi ọ̀dà kọ nǹkan sí. Lára àpótí ni a ti rí ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta yẹn.

Orúkọ ńkọ́? Ibí ni ti àwa Yorùbá ti ń dojú rú jù. Àwọn kan lo orúkọ ìlú wọn bí orúkọ ìdílé: Làmídì Ìbàdàn, Búsàrí Ìlọrin. Àwọn kan wọṣẹ́ pẹ̀lú Fágbèmí, wọ́n gba Jésù, wọ́n di Olúgbèmí. Akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Ẹ̀wẹ̀, NIN àti BVN ń sọ ohun mìíràn. Nínú gbogbo lẹ́tà, orúkọ tó wà ní fáìlì ológun ni kó ṣáájú, bó ti wù kí àṣìkọ rẹ̀ burú tó, kí ẹ tó wá kọ orúkọ ti ìsinsìnyí tẹ̀ lé e. Ẹ ó ṣe àfídáfíìtì, ìyẹn ìwé ìbúra kóòtù, pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ méjèèjì. Ẹ má lọ yí orúkọ inú báńkì padà kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀, nítorí ìdàrúdàpọ̀ kejì nìyẹn yóò jẹ́.

Bí Bàbá bá dín ọjọ́ orí wọn kù tàbí fi kún un kí wọ́n lè wọṣẹ́, èyí tó wà ní fáìlì ni kí ẹ dì mú. Ẹ sọ òtítọ́ bí wọ́n bá béèrè.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wá ẹ̀rí tí yóò dí ihò náà

Ẹlẹ́rìí ni ẹ̀rí tó lágbára jù tí a ní ní Èkó, wọ́n sì ń lọ lójoojúmọ́. Ẹ lọ sí ìpàdé Nigerian Legion tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ mú fọ́tò àtijọ́ Bàbá dání, ẹ ka orúkọ àwọn tí wọ́n jọ wà ní àgọ́ ìgbèkùn. Ẹlẹ́rìí méjì ni kí ẹ wá: ẹnì kan tó rí i nígbà tí wọ́n mú Bàbá tàbí tí wọ́n jọ wà nígbèkùn, àti ẹnì kan tó wà ní báráàkì lọ́jọ́ tí Bàbá padà dé. Èkejì yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń fi hàn pé Bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́, pé wọn ò sá.

Ẹ kọ̀wé sí Red Cross àgbáyé, ICRC, ní Geneva. Àwọn aṣojú wọn bẹ àwọn òǹdè wò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nígbà ogun abẹ́lé. Ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà, ìwé kékeré kan láti ibẹ̀ ju ẹlẹ́rìí mẹ́wàá lọ. Ẹ fi orúkọ, ọjọ́ ìbí, orúkọ bàbá Bàbá, ibi tí wọ́n ti mú wọn àti àsìkò rẹ̀ sínú lẹ́tà. Ẹ gbà pé èsì lè pẹ́, ẹ sì máa bá iṣẹ́ yòókù lọ.

Lẹ́tà tí Bàbá kọ sílé láti ìgbèkùn, fọ́tò, àpá ọgbẹ́ tí dókítà yẹ̀ wò tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rí. Ẹ bi Ìyá náà léèrè. Bí wọ́n bá ti sọ fún Ìyá nígbà ogun pé ọkọ wọn ti kú, tí wọ́n sì ti ṣọ̀fọ̀, ìyẹn gan-an jẹ́ ẹ̀rí pé orúkọ Bàbá wà lára àwọn tí wọn ò rí.

Ó yanjú bí gbogbo oṣù tó wà nínú ihò yẹn bá ní ó kéré tán ẹ̀rí kan tí kì í ṣe ẹnu Bàbá nìkan.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìbúra ní kóòtù

Ìwé tó sọnù nílò ìwé láti tẹ́ṣàn ọlọ́pàá àti àfídáfíìtì. Ẹ sọ bó ṣe sọnù gan-an. Ọ̀pọ̀ ìdílé ológun ní Ìkẹjà pàdánù ìwé wọn nígbà tí bọ́ǹbù bú gbàù ní kantónímẹ́ǹtì, 27 Oṣù Kìíní 2002. Àwọn mìíràn pàdánù tiwọn nígbà tí wọ́n wó àdúgbò Màrókò ní Èkó níbí ní 1990. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Bí ìwé yín bá sì wà ní kóòtù gíga Ìgbósẹ̀rẹ̀ tó jóná ní Oṣù Kẹwàá 2020, ẹ búra tuntun, kí ẹ sọ pé ti àtijọ́ wà níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ fún ẹni tí kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, yálà Bàbá tàbí ẹlẹ́rìí: àfídáfíìtì gbọ́dọ̀ sọ ní ìsàlẹ̀ pé wọ́n ka á fún un ní Yorùbá, pé ó yé e kó tó tẹ̀ka, kí orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àwọn tó ń tẹ ìwé níwájú kóòtù sábà máa ń fo èyí. Láìsí i, ìwé náà rọrùn láti kọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n bá yín ṣe ìbúra ní abẹ́ agboòrùn. Inú kóòtù ni, níwájú ẹni tó ń gba ìbúra, kí wọ́n sì fún yín ní rìsíìtì.

Ìgbésẹ̀ 6: Lẹ́tà kan, ìbéèrè mẹ́ta

Nigerian Army Records wà ní Chari Maigumeri Barracks, Lọ́kọ́ja. Ó máa ń fún mi lókun bí mo bá ń kọ àdírẹ́sì yẹn: Chari Maigumeri jà fún Jámánì ní Kamẹrúùnù nínú ogun àgbáyé kìíní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú un nígbèkùn, ó sì padà wá di ọ̀kan lára sójà tó lókìkí jù ní Nàìjíríà. Orúkọ ẹni tí wọ́n mú nígbèkùn ló wà lára ilé tí ẹ ń kọ̀wé sí.

Ìlà àkọ́kọ́: nọ́ńbà, ipò, orúkọ bó ṣe wà ní fáìlì, ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ìpínrọ̀ kejì: ìlà ọjọ́, láti ìgbaniṣíṣẹ́ dé ìdásílẹ̀, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè mẹ́ta:

1. Ẹ fún wa ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ iṣẹ́ Bàbá àti Part Two Orders tó dárúkọ wọn. Èyí ni ìwé tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun fi ń kéde ẹni tó dé, ẹni tó lọ àti ẹni tí wọn ò rí. Inú rẹ̀ ni ihò náà wà.
2. Ẹ tún ibi tó sọ pé Bàbá sá tàbí kú ṣe, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí tí a so mọ́ lẹ́tà yìí.
3. Ẹ fi ọdún iṣẹ́ tí ẹ tún kà ránṣẹ́ sí Military Pensions Board fún ìṣirò.

Ẹ má sunkún nínú lẹ́tà náà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn yín, ó ń dun èmi náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá fáìlì ń wá nọ́ńbà. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Military Pensions Board. Bí ẹ bá fi ọwọ́ gbé e lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́, ẹ lo èyí tí ó ní nọ́ńbà ìtọpinpin.

Ẹ sọ ọ́ gbangba nínú lẹ́tà pé lábẹ́ Freedom of Information Act ti 2011 ni ẹ fi ń béèrè ẹ̀dà náà. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ìdí bá wà. Òfin náà dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni, nítorí náà ẹ so ìwé tí Bàbá fọwọ́ sí mọ́ ọn, pé àwọn gbà kí wọ́n fún yín. Ẹni tí kò lè kàwé tàbí tí ara rẹ̀ kò dá lè mú ẹlòmíràn béèrè fún un, òfin náà gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti lọ sí kóòtù. Ẹ má jẹ́ kí ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn kọjá níbi tí ẹ ti ń bẹ ọ̀rẹ́ ọ̀gá. Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ àti Office of the Public Defender ti ìjọba Èkó máa ń bá aláìní dúró lọ́fẹ̀ẹ́. Public Complaints Commission náà ń gba ẹ̀sùn nípa ọ́fíìsì ìjọba tó dákẹ́.

Bí ó ṣe yanjú: òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, nọ́ńbà ìtọpinpin wà nínú ìwé yín, ọjọ́ tí ẹ ó tún pè sì ti wà lára kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri.

Ìgbésẹ̀ 7: Nígbà tí owó bá fẹ́ jáde

Military Pensions Board yóò fẹ́ rí Bàbá lójúkojú tàbí lórí ẹ̀rọ, pẹ̀lú ìka àti fọ́tò. Ìka àgbà tó ti fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ lè má hàn lórí ẹ̀rọ. Ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ nu ọwọ́ wọn, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ gbìyànjú àwọn ìka yòókù kó tó kọ pé kò ṣeé ṣe. Bí Bàbá kò bá lè dìde, ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú ọjọ́ náà pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹ má dákẹ́, torí ẹni tí kò yọjú lè di òkú lórí ìwé lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ bi Bàbá léèrè nísinsìnyí, nígbà tí wọ́n wà láàyè, orúkọ ta ló wà ní ipò ẹni tí yóò gba ẹ̀tọ́ wọn. Ẹlòmíràn fi orúkọ àbúrò tó ti kú ní 1974 síbẹ̀. Bí ó bá nílò àyípadà, kí Bàbá fúnra wọn kọ ọ́. Lẹ́yìn ikú, ìjà ìdílé ni.

Àti pé, ẹni tó bá pè yín lórí fóònù pé òun wà ní ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì, pé kí ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì báńkì fún òun, olè ni.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ má dúró de owó kí ẹ tó bu ọlá fún wọn

15 Oṣù Kìíní ni ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí. Ní Èkó, Tafawa Balewa Square, níbi Remembrance Arcade, ni wọ́n ti máa ń gbé òdòdó sílẹ̀. Jímọ́ọ̀ àti ìsìn ọjọ́ Àìkú máa ń ṣáájú rẹ̀. Láti oṣù Kọkànlá ni kí ẹ ti fi orúkọ Bàbá sílẹ̀ lọ́dọ̀ Nigerian Legion, kí wọ́n lè bá àwọn ẹgbẹ́ wọn jókòó. Wọ́n máa ń dí ọ̀nà Oníkàn láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí náà ẹ tètè jáde. Ẹ mú omi, fìlà, oògùn Bàbá àti àga kékeré kan dání. Kí Bàbá fi mẹ́dà kọ́ àyà bí ó bá wà.

Bàbá Mushin tí mo sọ̀rọ̀ wọn lókè, mo bá wọn lọ. Fáìlì wọn ṣì wà ní Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n fun fèrè tí gbogbo èèyàn dákẹ́, Bàbá ń ka orúkọ sábẹ́ ẹnu, mẹ́rin ni, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀tá fi wọ́n sí. Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà bọ̀, mo ní kí wọ́n tún un kà, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn mẹ́rin náà bí ọmọbìnrin kan tó ń gbé ní Agége. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo wá a lọ, mo sì mú ìwé àkọsílẹ̀ tuntun dání.